Agbára Ọwọ́ Alàájì Rùfáì

Inú ọwọ́ obìnrin tí kò mọ̀ rí ni Àbídì ti bá ọwọ́ bàbá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ bàtà ọ̀rá tí wọ́n fún un lẹ́nu ilẹ̀kùn tán ni, ó gbé ojú sókè, ó sì rí i: omidan tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ ewé, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọwọ́ Alàájì bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ó tàn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Àbídì gbàgbé ohun tó bá wá.

Ẹ má dá a lẹ́bi. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń retí ẹwà. Àìsíyù ni wọ́n ń pe wọ́ọ̀dù náà, ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní ọ̀nà Ìbàdàn, ibi tí wọ́n ń tọ́jú àwọn tó wà ní ìkòríta ikú àti ìyè. Ẹ̀rọ ló ń bá aláìsàn mí níbẹ̀. Alàájì Rùfáì, àgbẹ̀ kòkó ọmọ Ìkirè, ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí àdá ti ṣá a lẹ́sẹ̀ lóko rẹ̀ ní Ìkirè-Ilé, tí ojú egbò náà bàjẹ́, tí àrùn sì gba ibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ti fi oògùn mú un sùn, wọ́n sì ti dá oògùn náà dúró. Ó ti ń lajú báyìí, ṣùgbọ́n rọ́bà ẹ̀rọ ìmí wà lẹ́nu rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ di ọwọ́ mi mú," omidan náà wí. "Ẹ dì í mú ṣinṣin."

Alàájì pa ojú dé. Ọwọ́ rẹ̀ kò mira.

Omidan náà ní kí bàbá wo ojú òun, bàbá ò wò ó. Ó gbé apá wọn sókè, ó ní kí wọ́n má jẹ́ kó bọ́, apá náà bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì bí aṣọ tútù. Ó bọ́ sí apá kejì, ó bọ́ sí ẹsẹ̀, bákan náà ni. Nígbà tó yá, ó mí kanlẹ̀, ó sì sọ fún nọ́ọ̀sì tó mú bírò dání pé, "Òdo. Ẹ kọ òdo sílẹ̀."

Òdo kẹ̀. Ọwọ́ tí gbogbo Ìkirè mọ̀. Ọwọ́ yìí ló máa ń di ìwo màlúù Iléyá mú títí àwọn ọ̀dọ́ á fi so okùn. Nígbà tí Àbídì wà ní kékeré, tí bàbá rẹ̀ bá fà á lọ́wọ́ sọdá títì, ṣe ni yóò máa gbàdúrà kí ọ̀nà tètè tán kí ìka rẹ̀ lè sinmi. Inú bí i, ó sì sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Sístà, bàbá mi lẹ pè ní òdo?"

Obìnrin náà yíjú. Ó ti rẹ̀ ẹ́, èèyàn á rí i lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò bínú. Ó ní kí ó má bínú, pé agbára apá àti ẹsẹ̀ wọn lòun ń wọ̀n, òun ò wọn iyì wọn. Ó mú un jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ṣàlàyé. Fọláṣẹwà Ọládélé ni orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ físíò ló ń ṣe. Ó ní irú àìsàn báyìí máa ń jẹ ẹran ara èèyàn láti inú, bẹ́ẹ̀ dókítà ò gbọdọ̀ yọ rọ́bà ìmí títí wọ́n á fi mọ̀ bóyá agbára tó kù lára á tó fa èémí. Ìdí nìyẹn tí àwọn fi ń wọ̀n ọ́n. Bí nǹkan kan ò bá mira rárá, òdo ni. Bí ẹran ara bá kàn sọ fìrí, ení ni. Báyìí ni yóò ṣe máa gòkè títí dé márùn-ún, ìyẹn bí ẹni náà bá lágbára bí ẹni tára rẹ̀ le.

"Bí tèmi àti tiyín," ó wí. Ó na ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ dì í mú."

Àbídì dì í mú.

"Márùn-ún," ó wí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó fi kún un pé, "Ẹ lè fi sílẹ̀ báyìí o."

Ojú ti Àbídì dé etí. Láti borí ìtìjú ló fi bi í níbi tó ti wá, ó ní Àpòmù ni. Àpòmù, tí kò ju kí èèyàn ti Ìkirè na ọrùn kó rí i lọ! Fọláṣẹwà ní ẹnu ọ̀nà wọn lòun ń gbà kọjá lọ sílé. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rántí ibi tí wọ́n dúró sí, wọ́n sì pa ẹnu mọ́.

Dókítà sọ iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ẹbí. Bàbá Àbdùlràhmọ̀n, ẹ̀gbọ́n Alàájì, ló dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Bàbá arúgbó yìí fẹ́ràn àbúrò rẹ̀, ìfẹ́ yẹn gan-an ló mú un sọ ohun tó sọ. Ó ní bí agbára bá ti tán lára Rùfáì, kí wọ́n jẹ́ kó wá kú sórí ẹní tirẹ̀, kí wọ́n pe kálímọ̀ sí i létí láàárín àwọn èèyàn rẹ̀, dípò kó kú láàárín rọ́bà. Ó ní lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ òun á mú mọ́tò wá. Gbogbo wọn mọ̀ pé bí wọ́n bá yọ rọ́bà náà, aláìsàn tí kò lágbára kan ò ní kọjá Aṣéjìrẹ́ láàyè. Síbẹ̀ òun ni àgbà, ta ni yóò já a nírọ́?

Omi kan ti ojú Alàájì tó pa dé ṣàn wá sí ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì nù ún kúrò, ó ní ojú aláìsàn máa ń ṣomi bẹ́ẹ̀.

Ilé iṣẹ́ omi ní Aṣéjìrẹ́ ni Àbídì ti ń ṣiṣẹ́, ẹnjiníà ni. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, ó lọ tọrọ àyè kó lè lọ bá wọn gbé bàbá rẹ̀. Bó ṣe ń kọjá lọ, ẹnì kan pè é pé aago tó ń wọn agbára omi lára páìpù kan ò gbéra, pé omi ò sí níbẹ̀. Àbídì kàn fi àtẹ́lẹwọ́ kan páìpù náà. Ó tutù, ó sì ń gbọ̀n. Omi kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Ẹnì kan ló ti ojú ibi tí omi ń gbà dé ọ̀dọ̀ aago pa.

Ó fẹ́ kọjá lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e. Ẹnì kan ló tì í pa. Bàbá òun náà pa ojú dé nígbà tí omidan yẹn ní kí wọ́n wo òun. Ẹni tí agbára ti tán lára rẹ̀, kí ló fi pa ojú dé?

Ìgbà náà ló wá rántí. Láti ìgbà tí Alàájì Rùfáì ti ti Mẹ́kà dé, kò tíì bọ obìnrin tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀ lọ́wọ́ rí. Bí àwọn ìyá oníṣòwò bá na ọwọ́ láti kí i, yóò kó ọwọ́ tirẹ̀ sínú agbádá, yóò gbé e lé àyà, yóò sì máa wo ilẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀, wọ́n tiẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Obìnrin àjèjì ló wá kúnlẹ̀ tì í lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn yìí, ó ní kó wo ojú òun, kó di ọwọ́ òun mú. Kí ni ẹ rò pé yóò ṣe?

Bí Àbídì ṣe dé ọsibítù, òun nìkan ló mọ̀. Ó bá Fọláṣẹwà lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó sọ ọ́ fún un láìmí. Obìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Mo kọ òdo," ó wí, "níbi tó yẹ kí n kọ pé n kò tíì rí i wọ̀n."

Wọ́n jọ wọlé. Fọláṣẹwà dúró lókèèrè, lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n fi ya bẹ́ẹ̀dì sọ́tọ̀. Àbídì tẹ̀ síwájú, ó sálámà, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ sínú ọwọ́ bàbá rẹ̀.

"Bàbá, èmi Àbídì ni. Sístà yẹn ti jìnnà. Ẹ bá mi di ọwọ́ mi mú."

Alàájì la ojú, ó wo ọmọ rẹ̀. Àtàǹpàkò ló kọ́kọ́ gbéra. Ó rìn díẹ̀díẹ̀ lórí ẹ̀yìn ọwọ́ Àbídì bí ẹni ń wá ọ̀nà nínú òkùnkùn. Ìka kejì tẹ̀lé e. Nígbà tó yá, gbogbo ìka ká mọ́ ọwọ́ Àbídì, wọ́n sì dúró síbẹ̀. Agbára náà ò tó nǹkan, ọmọ ọwọ́ á já a gbà. Àmọ́ Àbídì ò lè yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó wólẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì sunkún.

Fọláṣẹwà gbé irin kékeré kan wá, irin tó ní aago lójú, tí aláìsàn máa ń dì mú kí wọ́n lè rí bí agbára ọwọ́ rẹ̀ ṣe tó. Kò fi ọwọ́ kan Alàájì. Ó gbé e fún Àbídì, ó ní kí ó sọ fún bàbá pé irin lásán ni. Alàájì dì í mú. Abẹ́rẹ́ ojú aago náà gbọ̀n, ó kúrò lójú òdo, ó sì ń gòkè. Àwọn nọ́ọ̀sì fi ohun tí wọ́n ń ṣe sílẹ̀. Ẹ̀rù Ọlọ́run tó dá èèyàn bà mí, nítorí àgbẹ̀ tí àìsàn ti jẹ títí ó fi ku egungun, tí ẹ̀rọ ń mí fún, ṣì ní ohun tó fi pa mọ́ sínú ọwọ́, ó sì ń dúró de ẹni tó tọ́ kó tó yọ ọ́.

Nígbà tí Bàbá Àbdùlràhmọ̀n dé pẹ̀lú mọ́tò, wọ́n ní kó na ọwọ́ sí àbúrò rẹ̀. Ó nà án, Alàájì sì dì í mú. Arúgbó náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ wọ́ọ̀dù, ó ń wí pé "Alihamudulilai" ṣáá, kò sẹ́ni tó lè gbé e dìde. Òfìfo ni mọ́tò náà padà sí Ìkirè.

Wọ́n yọ rọ́bà náà nígbà tó yá. Alàájì mí fúnra rẹ̀. Ó jókòó, ó dúró, ó fi ọ̀pá rìn. Gbogbo rẹ̀ ni Fọláṣẹwà ń wọ̀n, Àbídì á di ọwọ́, òun á máa wò. Nígbà tí wọ́n gbé Alàájì padà sílé, ọsibítù ní kí Fọláṣẹwà máa yà wò ó bó bá ń lọ sí Àpòmù. Ó ń yà. Kò sì sí ọjọ́ tó yà tí Àbídì ò sin ín dé ilé.

Ìfẹ́ ò ní aago lójú, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ló ń rí i ká. Dòdò Ìkirè ni Àbídì fi bẹ̀rẹ̀, èyí tó pọ́n dúdú tí ata rẹ̀ pọ̀. Fọláṣẹwà ní ṣé ata ni wọ́n fi ń fẹ́ obìnrin ní Ìkirè ni, ó sì jẹ ẹ́ tán. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n dúró wo omi Aṣéjìrẹ́, ó bi í bóyá aago omi nìkan ló mọ̀ ọ́n kà.

"Mo ti ń ka tìẹ náà," Àbídì wí, "láti ọjọ́ tí o ti ní kí n fi ọwọ́ ẹ sílẹ̀. N kò fẹ́ fi í sílẹ̀ mọ́, Ṣẹwà. Fẹ́ mi."

Obìnrin náà fi ọwọ́ rẹ̀ sínú tirẹ̀, ó ní, "Olówó orí mi, dì í mú ṣinṣin."

Nílé wọn ní Àpòmù, bàbá rẹ̀, Ọ̀gá Ọládélé, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tó sì jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà láti ìbẹ̀rẹ̀, béèrè ohun kan ṣoṣo: ṣé wọ́n á jẹ́ kí ọmọ òun máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì? Àbídì ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀gá ní ọ̀rọ̀ tán. Gbogbo wọn rò pé ti Ìkirè ló máa rọrùn jù.

Alàájì jókòó sórí àga lọ́ọ̀dẹ̀, ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀. Sàlámọ̀tù, ìyàwó rẹ̀, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àbídì sọ ohun tó bá wá, Fọláṣẹwà sì kúnlẹ̀. Ọwọ́ Alàájì dúró lórí tẹ̀sùbáà.

"Mo gbọ́," ó wí. Ohùn rẹ̀ ṣì ha díẹ̀ láti ìgbà rọ́bà. "Gbogbo ohun tí ẹ sọ lórí mi lọ́jọ́ yẹn ni mo gbọ́. Ọmọbìnrin yìí pè mí ní òdo, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nítorí òdo yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi fi lọ wá mọ́tò tó fẹ́ fi gbé mi lọ kú. Mò ń pariwo nínú mi, Àbídì. Mò ń pariwo, kò sẹ́ni tó gbọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó àbúrò mi ọmọ Mẹ́tọ́díìsì ni, à ń jọ jẹun. Ṣùgbọ́n n kò lè máa rí ẹni yìí lójoojúmọ́."

Ẹlòmíràn ì bá wí àwíjàre. Ó ṣe tán, òun náà ló gbé irin wá. Fọláṣẹwà ò wí ìkankan nínú rẹ̀. Ó ní òótọ́ ni, ẹ̀bi òun ni, kí bàbá dárí ji òun. Alàájì dìde, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó wọlé.

Lójú ọ̀nà, Àbídì ní àwọn á ṣe ìgbéyàwó náà bó ti wù kó rí, bàbá á gbà bó bá yá. Fọláṣẹwà mi orí.

"N kò ní gba ẹ̀yìnkùlé wọ ilé ọkọ. Bí bàbá ò bá fi ẹnu ara wọn pè mí ní ọmọ, mo máa fẹ́ràn ẹ láti Àpòmù."

Bó ṣe wí ló ṣe. Kò yà ní Ìkirè mọ́, ẹlòmíràn ni wọ́n ń rán. Bó bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, tí mọ́tò bá dé iwájú ilé Alàájì, yóò wo itan ara rẹ̀ títí yóò fi kọjá. Àbídì rù. Sàlámọ̀tù ò gba gbẹ̀rẹ́, ó bi ọkọ rẹ̀ bóyá ọmọ náà ló ní kó pa ojú dé lọ́jọ́sí. Alàájì ní kó gbé oúnjẹ wá. Oúnjẹ náà dé, kò jẹ ẹ́.

Ọlọ́run ló wá rán Raliat. Gbọ̀ngán ló ti wá, ọmọ ọ̀rẹ́ Alàájì ni, bàbá rẹ̀ àti Alàájì ni wọ́n jọ lọ sí Mẹ́kà. Ó wá kí i kú ewu ni, ó sì ní ìròyìn tirẹ̀ náà. Wọ́n gbé bàbá òun náà lọ sí wọ́ọ̀dù yẹn, kò mira, kò wo ẹnikẹ́ni. Ó ní òun rò pé ó ti tán.

"Àmọ́ sístà kan wà níbẹ̀," Raliat wí. "Kò fi ọwọ́ kan bàbá mi. Ó sálámà láti ẹ̀yìn aṣọ, ó wá bi mí pé, ta ni bàbá yín lè bọ̀ lọ́wọ́? Mo ní èmi. Ó fi ọwọ́ mi sínú tiwọn, ó ní kí n bẹ̀ wọ́n. Bàbá mi dì mí mú, Alàájì. Lónìí wọ́n ti ń jẹ ẹ̀bà. Mo bi í ibi tó ti kọ́ irú èyí, ó ní bàbá kan ní Ìkirè ló fi ọwọ́ ara wọn kọ́ òun, pé òun ò tún fọwọ́ kan àgbà kankan láìbéèrè mọ́."

Alàájì gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè, ó wò ó, ó yí i padà, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé òun kọ́ ló ni ín. Ọwọ́ tó rò pé ìtìjú ló kó bá òun ti dá ọ̀rẹ́ rẹ̀ padà láti ẹnu ibojì, òun ò sì mọ̀.

"Ọwọ́ yìí?" ó wí. Omi lé ròrò sí i lójú. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Sàlámọ̀tù, pe ọmọ ẹ. Kó lọ sọ fún bàbá ọmọbìnrin yẹn ní Àpòmù pé à ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ wa."

Pálọ̀ Ọ̀gá Ọládélé ni wọ́n ti so yìgì náà. Alùfáà ìjọ wọn ti gbàdúrà ṣáájú, lẹ́máàmù ṣe tirẹ̀, wọ́n bi Fọláṣẹwà bóyá ó gbà, ó ní òun gbà. Àwọn èèyàn ti ń dìde láti kí ìyàwó nígbà tí Alàájì fi ọ̀pá kan ilẹ̀.

"Lẹ́máàmù, ṣé ó ti so?"

Lẹ́máàmù ní ó ti so.

"Ṣé ó ti di ọmọ mi?"

"Ó ti di ọmọ yín, Alàájì. Títí láé ni. Kò sí èèwọ̀ láàárín ẹ̀yin àti òun mọ́."

Alàájì gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jáde, ọwọ́ tó máa ń kó sínú agbádá fún gbogbo obìnrin ayé, ó nà án sí Fọláṣẹwà níbi tó kúnlẹ̀ sí.

"Wá wọ̀n ọ́n," ó wí.

Fọláṣẹwà fi ọwọ́ tirẹ̀ sínú rẹ̀. Alàájì wo ojú rẹ̀ tààrà, fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì dì í mú. Ó dì í mú títí òrùka tuntun fi wọ̀ ọ́ lẹ́ran. Fọláṣẹwà gbìyànjú láti fa ọwọ́ rẹ̀ yọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ní kó ṣe, kò rí i yọ. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí ọwọ́ àwọn méjèèjì.

"Mélòó ni?"

"Márùn-ún, Bàbá."

"Má purọ́ nítorí pé o ti di ìyàwó wa."

"Márùn-ún pé ni, Bàbá mi."

Alàájì mi orí. Kò fi í sílẹ̀.

"Kọ ọ́ sílẹ̀," ó wí.